Èémí Bàbá, Ètè Ìyá: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ekow Bentsil, Afọntírọ́ńbóònù Anomabo

Pósí ti dé ìdajì ọ̀nà ibojì, ẹgbẹ́ onífèrè sì wà láàárín orin, nígbà tí obìnrin kan sáré wá láti etíkun pé ìyàwó Kwamena Bentsil ń rọbí. Kwamena wà ní ìlà iwájú, wọ́n ń fọn tírọ́ńbóònù. Kodwo Abakah, ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà, wà lẹ́yìn wọn gan-an, wọ́n ń fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Àwọn méjèèjì gbọ́. Kò sí ẹni tó kúrò nínú ìlà. Orin kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n sin òkú tán tí wọ́n padà délé, ọmọ ti dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, ó ti sùn. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹjọ ọdún 1938, ní Anomabo. Ẹni tí a bí ní Ọjọ́bọ̀, Ekow ni. Kò sí ẹni tó jiyàn lórí orúkọ.

Bàbá rẹ̀, Kwamena Bentsil, apẹja ni. Wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ asafo tó ń ṣọ́ apá ìsàlẹ̀ ìlú, asafo náà ló sì ni báńdì. Ìyá rẹ̀, Aba Egyirba, ń yan ẹja. Ekow ni àkọ́bí. Araba, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni ìkejì.

Ohun tí a jogún ní ìlú wa, gbogbo ẹni tó wà níbí ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti ìyá, nítorí náà ilé, ilẹ̀ àti irinṣẹ́ ń ti ọwọ́ arákùnrin ìyá wá. Èémí jẹ́ ti bàbá, nítorí náà asafo bàbá ni ọmọ ń wọ̀, àsíá bàbá ló sì ń tẹ̀lé. Ètò náà ti pẹ́, kò sì fa ìjà ní ilé ẹnikẹ́ni, àfi ní ilé wa.

Ní ọdún 1944, Ekow wọ ilé ẹ̀kọ́ Mẹ́tọ́díìsì. Ó ka ìwé débi tí wọ́n ń pè ní Sítáńdáàdì Sẹ́fùn, ó sì parí ní 1953. Ìṣirò rẹ̀ dára. Nípa orin, olùkọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ohùn ọmọ náà ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu ní ọjọ́ tó bá wù ú.

Àárín ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní 1950. Ọmọ afọnfèrè tó bá pé ọmọ ọdún méjìlá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ fèrè. Kwamena gbé tírọ́ńbóònù asafo sílẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan náà, Kodwo Abakah gbé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà ní Sekondi wá. Ìlẹ̀kùn kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Káfíńtà ni Kodwo, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò sì ní ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ti àbúrò mìíràn tó jẹ́ ọkùnrin ní tòsí. Wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé ẹni tó bá fọn tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì òun ni yóò jogún ṣọ́ọ̀bù òun, bí kò bá sí, òun á ránṣẹ́ sí Elmina fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó jìnnà. Kwamena náà dáhùn pé ọmọ tó bá fọn nǹkan mìíràn kò ní tẹ̀lé àsíá òun. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn: bí ọmọ náà bá mú ọ̀kan, ó pàdánù oúnjẹ rẹ̀; bí ó bá mú èkejì, ó pàdánù ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn àna méjèèjì dẹ́kun jíjẹun pọ̀. Ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi, Aba Egyirba ń bu fantefante, ọbẹ̀ ẹja wa, sínú àwo méjì, ó ń gbé ọ̀kan sínú ilé, ó ń gbé ọ̀kan sábẹ́ igi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó lọ bá Nana Ansaba, olórí ìdílé ìyá, pé òun kò ní àwo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nana Ansaba pè wọ́n jọ. Kwamena ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Nana, kí ni wọ́n fi ń fọn fèrè? Èémí ni. Ta ló fún ọmọ ní èémí? Èmi ni. Ọ̀rọ̀ ti tán.”

Kodwo dìde.

“Nana, ẹ ní kí àna mi fẹ́ èémí wọn sí fèrè láìfi ètè kàn án, ká gbọ́ ohun tó máa dún. Ètè ló ń fọn fèrè. Ẹran ara ni ètè, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wa sì ni.”

Nana Ansaba mu nǹkan díẹ̀, wọ́n da ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ti kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n dájọ́.

“Ó ní èémí, ó ní ètè. Kó kọ́ méjèèjì. Tó bá hu irùngbọ̀n, òun fúnra ẹ̀ á mú ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mú fèrè tirẹ̀, kó fi ara mọ́ ọn.”

Ìdájọ́ òdodo ni. Òun ló ba ètè ọmọ náà jẹ́.

Ẹ̀yin afọnfèrè tó wà níbí mọ ìdí rẹ̀. Ẹnu tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kéré, ètè ní láti fún pọ̀. Ti tírọ́ńbóònù fẹ̀, ètè ní láti tú ká. Ní Ọjọ́ Ajé, Ekow wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí ọkọ̀ kì í wọ òkun, ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ètè tó fún pọ̀ lánàá tó tú ká lónìí, tó bá di Ọjọ́rú, kò mọ ibi tó wà mọ́.

Apá rẹ̀ kò sì tíì gùn. Kò lè ti ọ̀pá tírọ́ńbóònù dé òpin kí ó sì fà á padà. Kwamena so okùn àwọ̀n mọ́ ọ̀pá náà, pé kó máa fi fà á. Ní ọdún 1952, a ń sin bàbá àgbà kan ní apá òkè ìlú. Orin dé ibi tó rẹlẹ̀, Ekow ti ọ̀pá, okùn já, ọ̀pá bọ́ kúrò lára fèrè, ó sì lọ sínú ibojì. Wọ́n ní láti sọ Ekow kalẹ̀ lọ mú un. Ìdílé ibẹ̀ bínú. Wọ́n ní ẹni àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀rọ̀ tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì kò sàn. Ní 1955, a lọ fọn fèrè níbi ìsìnkú kan ní Abura. Opó náà ti ń sunkún láti òwúrọ̀, wọn kò rí i dá dúró. Ekow gbìyànjú láti gun ohùn tó ga jù nínú orin. Ohùn náà gbé e dé ìdajì, ó jù ú sílẹ̀. Opó náà bú sẹ́rìn-ín. Títí tí obìnrin náà fi kú, àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò dárí ẹ̀rín yẹn jì í.

Ọ̀gá Dadzie, tó ń darí báńdì, kì í lu ọmọ, kì í sì bú ọmọ. Wọ́n kàn sọ fún un pé: “Ekow, ìwọ nìkan ni mo rí tó lè ṣi orin kan ṣoṣo fọn ní oríṣi méjì.”

Láti 1953 ni ó ti ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́ Kodwo Abakah. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Igi kò yọ ọ́ lẹ́nu.

Irùngbọ̀n pẹ́ kó tó hù. Àwọn kan nínú báńdì ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ń dá a dúró ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kínní ọdún 1957, ó hù. Oṣù Kẹta ni orílẹ̀-èdè yóò gba òmìnira, báńdì wa yóò sì lọ yan ní Cape Coast. Ọ̀gá Dadzie ń rán aṣọ tuntun fún gbogbo wa: ìlà pupa fún tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ìlà búlúù fún tírọ́ńbóònù. Télọ̀ ń béèrè èwo ni ti Ekow. Wọ́n fún un di Ọjọ́ Ìsinmi.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kwamena mú ìgò ọtí kan, wọ́n forí lé ilé Kodwo. Wọ́n pàdé Kodwo lọ́nà, ìgò ọtí wà lọ́wọ́ tiwọn náà. Àgbàlá Aba Egyirba ló sún mọ́ wọn jù, ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí.

“Àna mi,” Kwamena wí, “mo ti rò ó dáadáa. Òótọ́ lẹ sọ lọ́jọ́ náà. Ètè ni. Ẹ mú un.”

“Rárá o. Èmi náà ti rò ó. Èémí ni. Ẹ̀yin lẹ ni ín.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀pá yẹn?”

“Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti gbọ́ bó ṣe ń gun òkè ohùn? Ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù sàn jù ú lọ.”

“Àwọn òkú inú asafo mi ni mo ń rò.”

“Àwọn alààyè ni èmi ń rò.”

Ohùn wọn ń lọ sókè. Ìjà náà le ju ti 1950 lọ. Gbogbo ohun tí Kodwo sọ níwájú Nana Ansaba nípa ètè, Kwamena tún un sọ, wọ́n sì sọ ọ́ dáadáa ju Kodwo lọ. Kodwo náà sọ̀rọ̀ lórí èémí débi tí ẹni tó ń kọjá lójú ọ̀nà fi dúró gbọ́.

Aba Egyirba wà nídìí ìkòkò, ó ń ro àgbàdo tó fẹ́ fi ṣe dọ́kọ́nù, ẹ̀kọ líle tí a ń wé. Ó jáde tòun ti igi ìrokà lọ́wọ́.

“Ṣé ẹ̀ ń lé ọmọ mi ni?”

Àwọn méjèèjì yíjú sí i. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí Ekow ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Ó ti ibi ìdánrawò dé, fèrè kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún, èkejì wà lọ́wọ́ òsì. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kò sunkún. Ó rìn wọlé, ó gbé tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì lé Wọfa rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, lẹ́sẹ̀.

“Wọfa, mo mú tírọ́ńbóònù.”

Kwamena wolẹ̀. Kodwo béèrè ìdí rẹ̀, ara ti tù wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè.

“Tí tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì bá ṣìnà,” Ekow wí, “gbogbo ìlú á mọ̀ pé Ekow ló ṣìnà. Tí tírọ́ńbóònù bá ṣìnà, wọ́n á ní bó ṣe wà nínú orin nìyẹn. Mo mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n fọn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kúrò láàárín yín. Ìdí tírọ́ńbóònù ni mo ti lè pẹ́ jù.”

Wọ́n ṣí ìgò kìíní, lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ìkejì. Ní ọjọ́ kejì, tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Aba Egyirba bu oúnjẹ sínú àwo kan. Ọwọ́ mẹ́ta ló wọ̀ ọ́.

Télọ̀ rán ìlà búlúù. Afọntírọ́ńbóònù ló máa ń wà ní ìlà iwájú ní báńdì wa, nítorí pé ọ̀pá nílò àyè, tí wọ́n bá fi í sẹ́yìn, orí ẹni tó wà níwájú ló máa gbá. Ekow dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ Cape Coast ni Kwamena ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn tiwọn sókè gan-an, kí a má baà gbọ́ ti ọmọ. Kodwo, tí wọ́n wà lẹ́yìn, gbọ́ ohun tí àna wọn ń ṣe, àwọn náà fọn sókè láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwa yòókù kò rí ọ̀nà mìíràn, a tẹ̀lé wọn. Bí báńdì wa ṣe di èyí tí ohùn rẹ̀ pọ̀ jù lọ ní etíkun nìyẹn. Láti Elmina títí dé Winneba ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè wá. Wọ́n ní tí báńdì Anomabo bá sin òkú, òkú náà á mọ̀ pé wọ́n sin òun.

Ní ọdún 1962, Ekow, tí a wá ń pè ní Bàbá Ekow, gbé Efuwa Takyiwa níyàwó, ọmọ Saltpond. Ìyá Efuwa béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn ohun tó rí lára ọkùnrin náà. Ó ní òun rí i ní ìlà iwájú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún fún atẹ́gùn, ọ̀pá rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, òun kò sì gbọ́ ohùn kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í pariwo ni òun ń wá. Ọmọ mẹ́rin ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Bàbá Ekow jẹ́ ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì títí dé òpin. Wọ́n jẹ́ olórí kíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ń bẹ aláìsàn wò, wọn kì í pẹ́ níbẹ̀, àwọn aláìsàn sì fẹ́ràn wọn fún ìyẹn. Wọn kì í fọn tírọ́ńbóònù nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn àgbà ìjọ ló bẹ̀ wọ́n.

Kodwo Abakah kú ní ọdún 1971. Nígbà tí wọ́n rí i pé àkókò tó, wọ́n pe ẹlẹ́rìí gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, èyí tó pa ti 1950 rẹ́. “Ekow, ṣọ́ọ̀bù jẹ́ tìrẹ. Ilé jẹ́ tìrẹ. Tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà, tìrẹ ni. Máa nù ún. Má fọn ọ́n.” Bàbá Ekow gbọ́ràn. Wọ́n fi ogójì ọdún ó lé nu tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì tí wọn kò gbé sẹ́nu rí. Wọ́n tọ́jú opó Kodwo àti àwọn ọmọ rẹ̀ láìsí àríwísí.

Gẹ́gẹ́ bíi káfíńtà, ọwọ́ wọn ló kan bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ àti fèrèsé ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wa kànga ní apá ìsàlẹ̀ ìlú. Ní ọdún ìyàn, 1983, òjò kọ̀, iná jó oko, òkú pọ̀, oúnjẹ kò sí. Bàbá Ekow ń kan pósí lówùúrọ̀, wọ́n ń fọn fèrè lọ́sàn-án. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́dún náà. Wọn kì í fẹ́ kí á sọ ọ́. A sọ ọ́ báyìí.

Kwamena Bentsil kú ní ọdún 1984. Àrùn kò ṣe wọ́n pẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ṣì wà nínú ìlà. Àṣà báńdì wa ni pé, tí a bá ń sin afọnfèrè, ẹni tó ń fọn irú fèrè tirẹ̀ ni yóò dá fọn ẹsẹ orin kan lẹ́bàá ibojì, gbogbo àwọn yòókù á sì dákẹ́. Kò sí afọntírọ́ńbóònù mìíràn. Ọ̀gá Dadzie, tí wọ́n ti darúgbó, wo ojú wa, àwa náà wo ojú wọn. Àwọn kan dábàá pé kí a fọn pọ̀, kí a ṣe bí ẹni gbàgbé àṣà. Bàbá Ekow ní rárá. Bàbá wọn ni.

Wọ́n bọ́ síwájú. Araba di ojú. Ọ̀kan lára àwọn tó gbé pósí ń gbàdúrà, ẹnu rẹ̀ ń mì. A ń retí ibi tí ohùn náà yóò ti ṣìnà.

Kò ṣìnà. Ohùn náà jáde ní mímọ́, ó lọ sí ìsàlẹ̀, ó dúró níbẹ̀, ó padà wá sókè. Ìgbà yẹn ni a kọ́kọ́ gbọ́ wọn. Nígbà tí ẹsẹ náà parí, kò sí ẹni tó rántí láti bẹ̀rẹ̀ èyí tó tẹ̀lé e.

Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, Ọ̀gá Dadzie fà sí ẹ̀gbẹ́ Efuwa, wọ́n béèrè ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti mọ tírọ́ńbóònù.

“Ó ti pẹ́,” Efuwa wí. “Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́.”

Láti ọjọ́ náà ni báńdì ti rẹ ohùn sílẹ̀. Àwọn ará Elmina fi ẹ̀sùn kàn wá pé agbára wa ti tán, wọ́n sì pe báńdì mìíràn fún ọdún mẹ́ta.

Bàbá Ekow wà ní ìlà iwájú títí di ọdún 2012, nígbà tí orúnkún kò gbà fún wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń jókòó síwájú ilé, wọ́n sì ń fọn fún òkú tó bá ń kọjá. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kínní ọdún 2014, wọ́n jẹ dọ́kọ́nù àti ẹja, wọ́n ní àwọn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Wọn kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi sílẹ̀ lọ: Efuwa Takyiwa, ìyàwó wọn, Araba, àbúrò wọn, àwọn ọmọ wọn, Kwamena tó wà ní Tema, Aba tó jẹ́ olùkọ́ ní Saltpond, Ebo tó jẹ́ awakọ̀, àti Ekuwa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Takoradi, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àtọmọdọ́mọ méjì. Fiifi Quansah, ọmọ Araba, ni ajogún. Ṣọ́ọ̀bù àti tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì ti di tirẹ̀. A ti jẹ́ kí ó mọ ohun tí Kodwo Abakah wí nípa tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì náà. Nínú àwọn ọmọ-ọmọ, ọ̀kan ń lu ìlù ńlá nínú báńdì. Ìlù kò fẹ́ èémí, kò fẹ́ ètè. Kò sí ìjà kankan lórí rẹ̀.

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá, ìdílé dúpẹ́. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ lọ́nà ilé.

Ekow, ọmọ Kwamena, ọmọ Aba, ẹ kú ìdúró. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹni tó fi èémí sìn wá yẹ fún un. Ẹ sùn dáadáa, Bàbá wa.

Tírọ́ńbóònù wà lórí tábìlì ní yàrá wọn. Òróró tí wọ́n fi ń pa ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀ nínú ìgò.